Kí la máa rọ sínú tẹ́dì kó lè wúwo: irin, gíláàsì, ike, àbí ìrẹsì?

Abẹ́rẹ́-Tuntun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ rán tẹ́dì, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Tẹ́dì tó ga ní 40 cm ni wọ́n ní kí n rán fún òbí kan, wọ́n sì fẹ́ kó wúwo tó ọmọ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i: kílò 3.4. Òwú nìkan ò lè gbé e débẹ̀. Ẹnìkan ní kí n da ìrẹsì sí i kí n lọ sinmi. Ẹlòmíì ní hóró ike ni gbogbo ayé ń lò. Ẹnìkẹta ní irin tí kì í dípẹtà, àmọ́ owó ìyẹn ju ti ìrẹsì lọ fíìfíì. Ṣé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí àwọn tó ń tà á ló kàn ń wá owó wa? Ṣebí kílò kan ni kílò kan?

*

Alágbẹ̀dẹ-Tẹ́dì

Kílò kan ni kílò kan, àmọ́ àyè tí kílò irin kan ń gbà kọ́ ni kílò ike kan ń gbà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kẹ́ ẹ tó ro ti owó, ẹ wọn inú tẹ́dì náà ná. Bí ikùn rẹ̀ bá fẹ̀ ní 16 cm, tó sì gùn ní 18 cm, gbogbo ohun tó lè gbà kò ju lítà 3.6 lọ, òwú tó yẹ kó yí ẹrù náà ká sì wà nínú ìyẹn.

Ẹ mú ife ìwọ̀n kan tó gba 100 mìlílítà. Tẹ́ ẹ bá rọ hóró irin kún un, á wọn bíi gíráàmù 470. Hóró gíláàsì nínú ife kan náà, bíi 150. Yanrìn gbígbẹ ò jìnnà sí ti gíláàsì. Ìrẹsì, bíi 80. Hóró ike, 55 sí 60 péré. Àlàfo tó wà láàárín hóró sí hóró ti wà nínú ìṣirò yẹn, ẹ má lọ lo iye tí wọ́n kọ fún irin tó jẹ́ odindi.

Ó túmọ̀ sí pé kílò 3.4 hóró ike á fẹ́ tó lítà 6. Ìrẹsì, lítà 4 ó lé díẹ̀. Méjèèjì ò wọ ikùn yẹn rárá. Gíláàsì, bíi lítà 2.3: ó wọ̀, àmọ́ òwú ò ní ríbi jókòó, tẹ́dì á sì le bí àpò sìmẹ́ǹtì. Irin, mìlílítà 720 péré. Fún tẹ́dì oníwọ̀n ọmọ tuntun, irin ni mo máa sọ, torí pé òun nìkan ló máa fi àyè sílẹ̀ fún òwú.

*

Ìyá Oníbọ́tìnnì

Ìṣirò yẹn dáa, ó kù díẹ̀ káàtó. Aṣọ, òwú, àwo oríkèé (àwo pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ kí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti orí lè yí), ojú àti imú náà ní ìwọ̀n tiwọn. Tẹ́dì 40 cm tí wọ́n fi òwú kún dáadáa máa ń wọn gíráàmù 400 sí 500 kẹ́ ẹ tó fi ohun tó wúwo kankan sí i. Ẹni tó bá rọ kílò 3.4 irin sí i, kílò 3.9 ló máa gbé fún oníbàárà.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n ìdáná kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: aṣọ tẹ́ ẹ ti gé, àwọn àwo oríkèé, ojú, òwú tẹ́ ẹ rò pé yóò tó, àti àwọn àpò inú tó ṣófo. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 500, kílò 2.9 ló kù fún ẹrù. Ìyẹn jẹ́ bíi mìlílítà 620 irin.

Ẹ má sì rọ ọ́ sójú kan. Bí mo ṣe máa pín in rèé: gíráàmù 1,600 nínú ikùn àti ìdí, nínú àpò méjì tó jẹ́ 800 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 350 nínú itan kọ̀ọ̀kan, 150 nínú apá kọ̀ọ̀kan, 300 nínú orí. Ó pé 2,900. Tí gbogbo rẹ̀ bá wà ní ikùn nìkan, tẹ́dì náà á wúwo lórí ìwọ̀n, àmọ́ ẹni tó bá gbé e mọ́ àyà á kàn máa rí i bíi pé òun gbé òkúta tí wọ́n fi aṣọ wé.

*

Òwú-Dúdú

Mi ò fara mọ́ 300 nínú orí o, Ìyá. Ọrùn tẹ́dì kì í ṣe ọrùn èèyàn. Bí ó bá jẹ́ píìnì onírin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ ń fi de orí mọ́ ara, òwú tó wà lábẹ́ àwo oríkèé á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, píìnì á dẹ̀, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dorí kodò. Orí ni mo sábà máa ń rí tó kọ́kọ́ bàjẹ́ lára tẹ́dì tó wúwo. Fún mi, orí ò gbọdọ̀ ju 50 lọ, kódà kó má sí nǹkan kan níbẹ̀ ló dáa jù.

*

Ìyá Oníbọ́tìnnì

Tẹ́dì orí pẹpẹ lẹ ń sọ. Èyí tí wọ́n fẹ́ gbé sápá bí ọmọ tuntun yàtọ̀. Bí orí bá fúyẹ́, ọwọ́ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Orí ọmọ tuntun wúwo, ó sì máa ń sùn sórí apá ẹni. Ohun tó yẹ ká yí padà ni oríkèé ọrùn. Ẹ yọ píìnì kúrò, ẹ lo bóòtù àti nọ́ọ̀tì, irú nọ́ọ̀tì tó ní òrùka ike nínú tí kì í tú fúnra rẹ̀. Àwo méjì, ọ̀kan nínú orí, ọ̀kan nínú ara, kí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bí ojú ọrùn ṣe lè gbà á. Ẹ fi wáṣà onírin há àárín nọ́ọ̀tì àti àwo. Ẹrù orí fúnra rẹ̀, ẹ fi sínú àpò pẹlẹbẹ, ẹ gbé e sí ẹ̀yìn agbárí, má gbé e síwájú nítòsí imú.

*

Òwú-Dúdú

Pẹ̀lú bóòtù, mo gbà. Pẹ̀lú píìnì, mi ò gbà láé.

*

Atúnṣe

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tú tẹ́dì tó ti bàjẹ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ìrẹsì ká lè tẹ̀ síwájú. Ìrẹsì, ẹ̀wà, àlìkámà, gbogbo ohun tó ṣeé jẹ, kòkòrò mọ̀ pé ó ṣeé jẹ. Ẹyin kòkòrò lè ti wà nínú hóró látilẹ̀. Ẹ máa ń rí ihò tíńtín lára aṣọ, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun tó ń dà sílẹ̀. Eku náà á wá. Bí omi bá kàn án, ì báà jẹ́ itọ́ ọmọ, á wú, á bu, á rùn, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́. Àwọn kan ní kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìsà ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó lò ó. Òótọ́ ni, òtútù á pa èyí tó wà níbẹ̀, kò ní dènà èyí tó ń bọ̀.

Ibì kan ṣoṣo tí hóró jíjẹ ti wúlò ni àpò tí wọ́n ń gbé sínú máíkírówéèfù kó lè gbóná fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ìyẹn jẹ́ àpò tó ṣeé yọ, tó ṣeé jù nù, kì í ṣe inú tẹ́dì tí wọ́n ti rán pa. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé tẹ́dì onírin, tàbí tẹ́dì tó ní àwo oríkèé onírin, sínú máíkírówéèfù.

Yanrìn náà ń kọ́? Ó wúwo tó, ó pọ̀, àmọ́ eruku rẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń wá ọ̀nà gba ojú rírán jáde. Ti etí òkun ní iyọ̀, iyọ̀ a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, àpò ò ní gbẹ láéláé.

*

Abẹ́rẹ́-Tuntun

Ó ti yé mi nípa ìrẹsì. Àmọ́ bí ike bá fúyẹ́ báyẹn, kí ló dé tó jẹ́ òun ni mò ń rí níbi gbogbo? Ṣé mo sì lè da hóró sínú ara tẹ́dì bẹ́ẹ̀, láìsí àpò inú?

*

Alágbẹ̀dẹ-Tẹ́dì

Torí pé kì í ṣe gbogbo tẹ́dì ló ń wá ìwọ̀n. Àwọn míì kàn fẹ́ kó rọ̀, kó jókòó gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wálẹ̀. Ike ṣe ìyẹn dáadáa: kì í dípẹtà, omi ò ṣe é ní nǹkan, kò wọ́n, kòkòrò ò jẹ ẹ́. Beanie Babies, àwọn ẹranko aláṣọ kékeré tí ilé iṣẹ́ Ty gbé jáde ní 1993, hóró ike ló wà nínú wọn, wọn ò sì rọ ọ́ kún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dùbúlẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Nínú tẹ́dì 25 cm, gíráàmù 120 sí 150 hóró ike tó fún ikùn àti ìdí.

Àléébù rẹ̀ ni ariwo. Ẹ fọwọ́ fún un, á dún wérewère. Gíláàsì máa ń dún bí ìgbà tí yanrìn ń yọ̀, ó rọlẹ̀ jùyẹn lọ. Irin kékeré tó wà nínú òwú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dún, àyàfi tí àpò rẹ̀ bá ṣófo jù.

Ẹ yẹ ike wò kẹ́ ẹ tó rà á púpọ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ife omi, ẹ kán ọṣẹ kan sí i kí omi lè rin ín, ẹ rò ó pọ̀. Pọ́líẹ́tílìn àti pọ́líprópílìn máa ń léfòó, torí wọ́n fúyẹ́ ju omi lọ. Èyí tó bá rì, irú ike míì ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ PVC. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó ń rùn tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ má sì lọ ra àwọn hóró funfun fúlẹ́fúlẹ́ tó máa ń wà nínú àga onírọ̀rí. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ìyẹn. Lítà 10 rẹ̀ ò ní jẹ́ kí tẹ́dì yín wúwo rárá.

Lórí dída hóró sínú ara láìsí àpò: àwọn tó ń ṣe tẹ́dì kékeré, 8 sí 12 cm, ń ṣe é, wọ́n á bu gíráàmù 20 sí 30 irin sí ikùn tààrà torí àpò á gba àyè jù. Tí hóró náà bá tóbi ju 1.5 mm lọ, tí aṣọ sì hun dáadáa, kò burú fún tẹ́dì inú àpótí gíláàsì. Fún èyí tí ọwọ́ máa kàn lójoojúmọ́, àpò inú pọn dandan.

*

Òwú-Dúdú

Lórí àpò inú, ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ ni mo máa ń sọ. Ó rọ, ó máa ń gba ìrísí ibi tẹ́ ẹ bá kì í bọ̀, ẹ kàn máa so ó ní kókó méjì, ẹ gé ìyókù dànù. Kò sí rírán kankan. Àpò tẹ́rù, ìyẹn aṣọ òwú funfun lásán, máa ń ní igun, igun yẹn á máa gún ọwọ́ ẹni láti inú.

*

Atúnṣe

Nínú tẹ́dì tí wọ́n gbé wá pé "ohun kan ń dà jáde lára ẹ̀", ìbọ̀sẹ̀ yẹn ni mo sábà ń bá nínú. Okùn kan bá já, ihò á sáré láti òkè dé ìsàlẹ̀. Hóró gíláàsì 0.8 mm ò tilẹ̀ nílò kó ya, ó ń gba àárín okùn jáde tí aṣọ bá ti fẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún máa ń fi abẹ́rẹ́ gígùn fa ojú tàbí fa ikùn wọlé lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti kó ẹrù sí i, abẹ́rẹ́ yẹn á gba inú ìbọ̀sẹ̀ kọjá.

Igun tó ń gún ọwọ́, ẹni tó gé àpò ló fà á. Ẹ gé e ní roboto tàbí bí ẹyin, kò ní ní igun.

*

Ìyá Oníbọ́tìnnì

Mo wà lẹ́yìn Atúnṣe, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe ń rán an, torí tẹ́rù tí wọn ò rán dáadáa ò sàn ju ìbọ̀sẹ̀ lọ.

Tẹ́rù tó hun pọ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ gbé e síwájú iná: bẹ́ ẹ bá rí iná nínú ihò láàárín okùn kedere, ó ti fẹ̀ jù fún gíláàsì. Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gé e kó má bàa sún kì lẹ́yìn ọ̀la. Abẹ́rẹ́ maṣíìnì nọ́ńbà 70 tàbí 80, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ihò abẹ́rẹ́ ńlá náà ni hóró máa ń gbà jáde. Òwú pọ́líẹ́sítà. Ẹsẹ̀ rírán 1.5 sí 2 mm. Ìlà méjì, kí ìkejì jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ní 3 mm, kẹ́ ẹ sì rán padà sẹ́yìn níbẹ̀rẹ̀ àti níparí. Ẹ fi ẹnu 3 cm sílẹ̀, ẹ yí i síta.

Ẹ fi àrọ rọ nǹkan sínú rẹ̀, lórí àwo ńlá tó ní etí, torí hóró gíláàsì tó bá bọ́ sílẹ̀ yóò fò kárí yàrá, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á yọ̀ ṣubú. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, hóró ike á máa lẹ̀ mọ́ ara àrọ. Ẹ fi aṣọ tútù díẹ̀ nu inú àrọ, ó tán.

Báwo ló ṣe yẹ kó kún tó? Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àpò tó kún dẹ́nu máa ń le, kì í tẹ̀. Èyí tó kún dé ààbọ̀ nìkan, gbogbo hóró á kó jọ sí ìsàlẹ̀, òkè á ṣófo. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi ọwọ́ rán ẹnu rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e sórí aṣọ tó dúdú bó bá jẹ́ gíláàsì, tó funfun bó bá jẹ́ irin, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ fi gbá tábìlì fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo orí aṣọ náà nítòsí iná. Hóró kan péré tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ tú u rán.

Fún àpò ikùn tó tóbi, ẹ pín in sí yàrá yàrá: ẹ rán ìlà kọjá láàárín rẹ̀ kí yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi 5 cm níbùú lóòró, ẹ máa rọ ọ̀kan kẹ́ ẹ tó rán ìlà tó kàn. Ẹrù ò ní lè sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

*

Òwú-Dúdú

Ó dáa, ẹ ti borí mi lórí gíláàsì. Fún irin 2 mm nínú tẹ́dì kékeré, ìbọ̀sẹ̀ mi ò lọ síbi kankan.

*

Abẹ́rẹ́-Tuntun

Irin tí wọ́n ń tà pọ̀, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó. Àwọn kan ní kí n fi òòfà yẹ̀ ẹ́ wò: bó bá fà á, kì í ṣe irin tí kì í dípẹtà. Ẹnìkan tún fẹ́ fún mi ní òjé tí wọ́n fi ń dẹ ìwọ̀ ẹja, ọ̀fẹ́ ni.

*

Alágbẹ̀dẹ-Tẹ́dì

Òjé kọ́kọ́. Ẹ má gbà á. Òjé wúwo ju irin lọ, ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn, àmọ́ májèlé ni. Eruku rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti aṣọ, ọmọdé tó bá fi tẹ́dì sẹ́nu á gbé e mì, ọpọlọ ọmọ ló sì ń bà jẹ́. Kò sí àpò inú tó sọ ọ́ di ohun tó dáa. Bí hóró kan bá ń ṣe yín ní iyèméjì, ẹ fi fa ìlà lórí ìwé funfun: òjé á fi àmì eérú sílẹ̀, ẹ sì lè fi èékánná họ ọ́.

Òòfà ò tó láti fi dájọ́. Irin tí wọ́n ń pè ní 304 kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ òòfà. 430 máa ń lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, irin tí kì í dípẹtà sì ni òun náà. Ohun tó dáa jù ni omi iyọ̀: ẹ po ṣíbí iyọ̀ kan sínú ife omi, ẹ fi rin pépà ìnuwọ́ funfun, ẹ to hóró mẹ́wàá sí i, ẹ ká pépà náà bò ó, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí àmì pupa bíi ti ìpẹtà bá hàn lára pépà, ẹ dá a padà. Irin lásán á fi àmì sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ yẹra fún hóró inú ìbọn ìṣeré tí wọ́n fi bàbà bò. Ara rẹ̀ á máa bó níbi tí wọ́n ti ń gbá ara wọn, irin abẹ́ rẹ̀ á dípẹtà, á sì gba inú òwú jáde wá sára irun tẹ́dì. Àbàwọ́n yẹn kì í lọ.

Kódà irin tó dáa máa ń ní epo tàbí eruku dúdú lára láti ilé iṣẹ́. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọwo fọ̀ ọ́ nínú asẹ́, ẹ ṣàn án, ẹ tẹ́ ẹ sórí tówẹ́ẹ̀lì títí yóò fi gbẹ pátápátá. Ẹ fi aṣọ funfun nu ún kẹ́yìn. Bí aṣọ bá ṣì ń dúdú, ẹ tún un fọ̀.

Hóró gíláàsì náà ní irú ẹ̀. Irú tí wọ́n fi ń fẹ́ ìpẹtà kúrò lára irin kéré jù, bí ìyẹ̀fun ló rí, kò sí aṣọ tó lè dá a dúró. 0.8 sí 1 mm ni kẹ́ ẹ wá, kó yípo, kó má mú.

*

Atúnṣe

Ẹ fi ti ọmọdé síbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ láti òkè wá, fún àgbà tó fẹ́ máa rántí ni. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ò gbọdọ̀ ní tẹ́dì oníhóró lọ́wọ́, kò sí àlàyé. Òfin ohun ìṣeré ní Yúróòpù (EN 71) àti ti Amẹ́ríkà (ASTM F963) ní ohun èlò kan tí wọ́n fi ń yẹ nǹkan kékeré wò, ihò rẹ̀ fẹ̀ ní 31.7 mm. Ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀ tán, wọ́n kà á sí ohun tó lè há ọmọ kékeré lọ́nà ọ̀fun. Hóró wa yìí á wọ ibẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ohun tó wúwo ò sì gbọdọ̀ wà níbi tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí. Nínú ìlànà oorun tí American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2022, wọ́n sọ pé kí wọ́n má fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tàbí aṣọ oorun tí wọ́n fi nǹkan wúwo sí fún ọmọ ọwọ́. Tẹ́dì kílò 3.4 burú jùyẹn lọ. Abẹ́rẹ́-Tuntun, ẹ sọ fún òbí yẹn kí tẹ́dì yìí má wọ ibùsùn ọmọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Fún ọmọ tó ti dàgbà, tó fẹ́ ohun tó wúwo díẹ̀ lórí itan, ó gbọ́dọ̀ lè dá gbé e, kó sì lè dá tì í kúrò lára rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́.

*

Òwú-Dúdú

Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ hóró ṣe gba gbogbo ìjíròrò, nígbà tó jẹ́ pé tẹ́dì àkọ́kọ́ ò ní hóró kankan. Èyí tí Morris Michtom ṣe ní Brooklyn lẹ́yìn tí Ààrẹ Roosevelt ti Amẹ́ríkà kọ̀ láti yìnbọn pa béárì kan ní 1902, àti èyí tí ilé iṣẹ́ Steiff gbé lọ sí ọjà Leipzig ní Jámánì ní 1903, ọmọ ìgbà igi tí wọ́n fá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ni wọ́n. Òwú àràbà dé lẹ́yìn náà, ó fúyẹ́, ó rọ̀. Igi fífá yẹn tí wọ́n bá kì dáadáa, ó wúwo, ó sì le, kò sí ohun tó ń sá kiri nínú rẹ̀. Títí di òní, imú àti ẹnu tẹ́dì tẹ́ ẹ fẹ́ fi òwú ya dáadáa, igi fífá ni kẹ́ ẹ kì síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń rí ibi mú.

*

Ìyá Oníbọ́tìnnì

Òótọ́ ni ti imú. Àmọ́ kílò 2.9 igi fífá nínú 40 cm, ẹ jọ̀ọ́.

*

Abẹ́rẹ́-Tuntun

Mo ti gbà: irin, àpò tẹ́rù, bóòtù ní ọrùn. Ìgbà wo ni ẹrù ń wọlé, ṣé ṣáájú oríkèé ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Wọ́n tún fẹ́ kó lè jókòó lórí pẹpẹ nígbà tí wọn ò bá gbé e.

*

Alágbẹ̀dẹ-Tẹ́dì

Ti ikùn, lẹ́yìn oríkèé ni. Ẹ kọ́kọ́ ki àpò itan àti ti apá bọ inú ẹsẹ̀ àti apá, ẹ fi òwú yí wọn ká, ẹ rán wọn pa, ẹ so ẹsẹ̀, apá àti orí mọ́ ara, ẹ fún gbogbo bóòtù tàbí píìnì le. Ojú rírán ẹ̀yìn ni kó ṣì wà ní ṣíṣí, bíi 10 cm. Tẹ́ ẹ bá kó ẹrù sí ikùn kẹ́ ẹ tó fún oríkèé, ẹ ò ní rí ibi ki ọwọ́ bọ̀.

Ẹ tẹ́ òwú tó nípọn ní 2 cm sí ìdí. Ẹ gbé àpò àkọ́kọ́ lé e, ẹ fi òwú ìránṣọ tó lágbára gán etí rẹ̀ mọ́ etí aṣọ tó yọ sínú níbi ojú rírán, níbi méjì, kó má lè yí. Àpò kejì á dúró níwájú, nísàlẹ̀ ikùn. Òwú 2 sí 3 cm láàárín ẹrù àti awọ tẹ́dì níbi gbogbo. Bó bá ku ibì kan tí ọwọ́ ti ń kan hóró láti ìta, ẹ tú u, ẹ fi òwú há a.

Tẹ́dì tó jókòó dúró lórí ìdí àti gìgísẹ̀. Iwájú ní ẹsẹ̀ tó gbé e ró, ẹ̀yìn ò ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ló sábà máa ń ṣubú sí. Bó bá ṣubú sẹ́yìn, ẹrù ìdí ti sún mọ́ ẹ̀yìn jù: ẹ ti àpò síwájú, tàbí ẹ mú gíráàmù 100 kúrò ní ikùn kẹ́ ẹ fi kún itan. Ẹ dán an wò lórí tábìlì kẹ́ ẹ tó rán ẹ̀yìn pa, pẹ̀lú píìnì aṣọ ní ojú rírán.

Ẹ ṣọ́ra fún fífi ìwọ̀n tẹ́dì kan ṣe òmíràn. Ìwọ̀n ń tẹ̀lé bí inú ṣe fẹ̀ tó. Tẹ́dì tó bá ga ní ìlọ́po méjì ń fẹ́ ẹrù ìlọ́po mẹ́jọ kó tó lè dà bí ti kékeré lọ́wọ́. Gíráàmù 100 tó dùn mọ́ni nínú 20 cm, 800 ló fẹ́ nínú 40 cm.

*

Atúnṣe

Nǹkan mẹ́ta kẹ́ ẹ tó rán ẹ̀yìn pa.

Abẹ́ ìdí: kílò tó pọ̀ báyẹn á fa aṣọ wálẹ̀, ojú rírán láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì á sì kọ́kọ́ ya. Kẹ́ ẹ tó rán ara tẹ́dì rárá ló yẹ kẹ́ ẹ ti lẹ gọ́ọ̀mù-sìtéè aláṣọ (aṣọ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀) mọ́ ẹ̀yìn aṣọ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì rán ìlà méjì. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ gán tẹ́rù méjì tí ẹ ká pọ̀ mọ́ inú rẹ̀.

Fífọ̀: tẹ́dì onírin ò wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹrù á kó sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí, á máa gbá ìlù ẹ̀rọ, inú tẹ́dì ò sì ní gbẹ bọ̀rọ̀. Kanrinkan tó rin díẹ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ lára irun nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ gidi gbọ́dọ̀ ti fi síìpù sí ẹ̀yìn látìbẹ̀rẹ̀, kó sì lè yọ àpò. Èmi ò fẹ́ràn síìpù nínú tẹ́dì tí ọmọ lè dé ìdí rẹ̀.

Ìwọ̀n: ẹ gbé tẹ́dì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ṣí sórí ìwọ̀n, pẹ̀lú ìyókù òwú tẹ́ ẹ máa kì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi àpò kékeré kan tó gba gíráàmù 50 sílẹ̀ láìrán ẹnu rẹ̀ pa, òun lẹ máa fi ṣàtúnṣe, hóró díẹ̀díẹ̀, títí ìwọ̀n á fi kà 3,400. Ìgbà yẹn lẹ tó rán ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ kì í sáàárín ikùn.

*

Abẹ́rẹ́-Tuntun

Òwú wo ni mo fi ń rán ẹ̀yìn pa? Ti maṣíìnì ń já.

*

Ìyá Oníbọ́tìnnì

Òwú táwọn tó ń ṣe àga onírọ̀rí ń lò, tàbí ti àwọn aránbàtà tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ fà á lára ìda oyin lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lò ó ní ìlọ́po méjì. Ẹsẹ̀ rírán tó ń gba inú etí aṣọ kan bọ́ sí èkejì, 3 mm ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa fà á le lẹ́yìn ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá rán an tán, torí òwú á já. Níparí, kókó méjì, ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ inú tẹ́dì jáde ní 5 cm síbòmíràn, ẹ fà á kí kókó wọlé, ẹ gé e mọ́ awọ. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tú irun tó há sínú ojú rírán síta.